Synthesizer ni àbí téèpù? Àlàyé lórí orin ìṣíde tẹlifíṣàn àtijọ́ àti ìdí tí kò fi kúrò lọ́kàn

Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn léèrè pé ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi ṣe orin ìṣíde Doctor Who, ètò tẹlifíṣàn tí BBC kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1963, synthesizer, ẹ̀rọ orin tó ń fi iná mànàmáná ṣe ohùn, ni ọ̀pọ̀ máa dárúkọ. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré á ní kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Téèpù, abẹ fẹ́lẹ́ àti sùúrù ni.

Ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ lọ́jú pọ̀ láti ọdún 2016, nígbà tí Stranger Things, ètò Netflix tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1983, dé pẹ̀lú orin ìṣíde tó jẹ́ kìkì synthesizer. Láti ìgbà náà, orin tẹlifíṣàn àtijọ́ yòówù tó bá ti ní ohùn àràmàǹdà nínú, "orin synth ayé 1980" ni wọ́n ń pè é. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1963, èyí tí wọ́n ṣe ní 1972 àti èyí tí wọ́n ṣe ní 1985 wá di ọ̀kan náà lẹ́nu àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tó wà nídìí wọn kò bára tan rárá.

Orin ìṣíde tí mò ń sọ ni orin kúkúrú tó máa ń dún kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó wà ní yàrá kejì á gbọ́, tí á sì sáré wá jókòó.

Kí ni synthesizer gan-an?

Nínú ohun èlò orin gbogbo, nǹkan kan ní láti gbọ̀n kí ohùn tó jáde: awọ lára ìlù, okùn lára gìtá, afẹ́fẹ́ nínú fèrè. Synthesizer kò ní awọ, kò ní okùn. Iná mànàmáná ló ń gbọ̀n nínú tirẹ̀. Iná náà á gba inú wáyà dé sípíkà, sípíkà á gbọ̀n bí iná ṣe ń gbọ̀n, etí wa á sì gbọ́ ọ.

Ẹ̀yà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni oscillator, èyí tó ń mú iná gbọ̀n. Bí ó bá gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn tí àwọn òkẹ́sítírà fi ń tún ohun èlò wọn ṣe ló máa dún. Bí ó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá falẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. Ohùn oscillator nìkan kò dùn-ún gbọ́, ó máa ń le, ó sì máa ń han etí.

Ìkejì ni asẹ́, òun ló sì ń sọ ariwo di orin. Ẹnu yín gan-an lè fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn yín. Ẹ pe "u" kó gùn, ẹ má yí ohùn padà, kí ẹ wá máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di "a". Ohun tó ń ti ọ̀fun yín jáde kò yí padà. Ẹnu ló ń dí apá kan ohùn náà mọ́lẹ̀, tó sì ń tú apá kan sílẹ̀. Ohun tí asẹ́ inú synthesizer ń ṣe nìyẹn. Ìdí rèé tí ohùn rẹ̀ fi máa ń dà bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìkẹta ń pinnu bí ohùn ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde: ṣé lójijì ni yóò bẹ̀rẹ̀ tí yóò sì kú kíá, àbí ṣe ni yóò yọ́ wọlé, tí yóò dúró, tí yóò wá parẹ́ ní ìrọ̀rùn? Ẹ̀yà yìí nìkan ti tó láti mú kí oscillator kan náà dún bí ìlù, kó tún dún bí fèrè.

Kò sí ohun tuntun jù nínú ẹyọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Robert Moog ṣe ní ìpínlẹ̀ New York ní 1964, pẹ̀lú olórin Herbert Deutsch, ni pé ó fi iná darí iná. Tí fóòtì tó wọ oscillator bá fi ẹyọ kan lé sí i, ohùn á gòkè láti dò ìsàlẹ̀ dé dò òkè. Nítorí náà, kíbọ́ọ̀dù lè darí oscillator, oscillator lè darí asẹ́, asẹ́ lè máa ṣí kó máa pa láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, Don Buchla ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní California, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ó ní kíbọ́ọ̀dù bíi ti dùùrù rárá. Kíbọ́ọ̀dù Moog ló gbilẹ̀, torí pé gbogbo ẹni tó bá ti tẹ dùùrù rí ló lè jókòó sídìí rẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ń lò ṣáájú Moog?

Ẹ̀rọ kan wà ní Columbia University ní New York láti ìparí àwọn ọdún 1950 tí RCA ṣe, tó tilẹ̀ ń jẹ́ synthesizer. Ó kún odindi yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á da ihò sára bébà gígùn, á fi bébà náà sínú ẹ̀rọ, á wá dúró de ohun tó máa jáde. Kì í ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn lè máa fi ṣeré.

Téèpù ni àwọn yòókù ń lò. Ní Paris, láti 1948, Pierre Schaeffer ti ń fi ìró ayé ṣe orin: ariwo ọkọ̀ ojú irin, ìró ilẹ̀kùn, ohunkóhun tó bá ṣeé gbà sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Louis àti Bebe Barron fi àwọn ẹ̀rọ oníná tí wọ́n so pọ̀ fúnra wọn ṣe gbogbo orin fíìmù Forbidden Planet ní 1956. Àwọn tó ṣe fíìmù náà kò pe iṣẹ́ àwọn Barron ní "orin" nínú rẹ̀, torí wọn kò fẹ́ wàhálà ẹgbẹ́ àwọn olórin. "Ohùn oníná" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ní London, BBC dá Radiophonic Workshop sílẹ̀ ní 1958 ní sítúdíò wọn tó wà ní Maida Vale. Daphne Oram àti Desmond Briscoe ló jà fún un títí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti pèsè ìró àrà ọ̀tọ̀ fún eré orí rédíò àti tẹlifíṣàn. Púpọ̀ nínú ohun èlò tí wọ́n fún wọn jẹ́ èyí tí àwọn ẹlẹ́rọ fi ń dán ìlà rédíò wò.

Ibẹ̀ ni Ron Grainer mú orin tó kọ fún Doctor Who lọ. Kò gbé e fún òkẹ́sítírà. Delia Derbyshire, tó kọ́ ìṣirò àti orin ní Cambridge, ló gbé iṣẹ́ náà fún, Dick Mills sì ń ràn án lọ́wọ́.

Ìró ìsàlẹ̀ tó ń lọ "dùm-di-di-dùm" yẹn, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n ta, wọ́n sì gbà á sórí téèpù. Téèpù ní ìwà kan: bí ẹ bá mú kí ó yára ní ìlọ́po méjì, ohùn á gòkè láti dò dé dò. Derbyshire fi ìwà yìí sọ okùn kan di gbogbo ohùn tó nílò. Ó ń yí ìyára padà, ó ń tún un gbà, ó ń gé téèpù náà, ó sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká wo bí ìyẹn ṣe rí. Téèpù sítúdíò sábà máa ń sáré ní sẹ̀ǹtímítà 38 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí túmọ̀ sí pé ohùn tó bá gba ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, téèpù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 19 ni. Rúlà ni wọ́n fi ń wọn orin. Ohùn orí orin, èyí tó ń rá bàbà lókè, ti inú oscillator ìdánwò wá, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yí bọ́tìnnì rẹ̀ kó tó lè yọ́ láti ohùn kan sí ìkejì. Ìró tó ń ṣe "ṣìì" jẹ́ ariwo oníná tí wọ́n sẹ́.

Ẹ̀rọ tó lè gba ọ̀pọ̀ ohùn sórí téèpù kan kò sí lọ́wọ́ wọn. Téèpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó orin náà sí, wọ́n á wá tẹ gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa retí pé kí wọ́n jọ rìn. Mills sọ lẹ́yìn náà pé nígbà kan, ohùn kan ṣáà ń ṣìnà. Wọ́n bá tú àwọn téèpù náà sílẹ̀ sí ọ̀nà gígùn inú ilé, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ tí kò bá ti èkejì mu.

Ta ló wá ni orin náà?

Nígbà tí Grainer gbọ́ ọ, ẹnu yà á. Ó fẹ́ kí Derbyshire pín nínú owó àti orúkọ, ṣùgbọ́n òfin BBC ni pé àwọn òṣìṣẹ́ Workshop kì í ní orúkọ lórí ètò. Grainer nìkan ni wọ́n ń kọ. Derbyshire kú ní 2001. Ọdún 2013, nínú àkànṣe tí wọ́n fi sàmì àádọ́ta ọdún ètò náà, ni orúkọ rẹ̀ tó jáde lójú tẹlifíṣàn fún orin yẹn. Tèmi ni pé ẹni tó kọ orin sórí bébà àti ẹni tó fi téèpù bí i, àwọn méjèèjì ló ni ín. Bí ẹ bá gbé bébà Grainer fún ẹgbẹ́ onífèrè kan, orin tí gbogbo ayé mọ̀ kọ́ ni yóò jáde.

Báwo ni synthesizer ṣe wá gba ìjókòó téèpù?

Ní 1968, Wendy Carlos fi Moog ṣe orin Bach, olórin ilẹ̀ Jámánì ayé àtijọ́, jáde nínú àwo Switched-On Bach. Ẹ̀rọ náà kò lè dún ju ohùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà Carlos ń gbà á ní ohùn kan, ohùn kan, ó ń tò wọ́n lé ara wọn lórí téèpù. Àwo náà tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ synthesizer. Iléeṣẹ́ EMS ṣe VCS3, synthesizer tó kéré tó gbé, ní London ní 1969, Minimoog sì dé ní 1970, ó ní kíbọ́ọ̀dù lára, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni máa so wáyà.

Fún tẹlifíṣàn, ọ̀rọ̀ owó ni. Òkẹ́sítírà nílò olórin ogójì, sítúdíò ńlá àti ẹni tó máa darí wọn. Synthesizer nílò ẹnì kan àti tábìlì. Àwọn olórin kò fi ojú rere wò ó. Ní 1982, ẹ̀ka àárín ìlú London nínú ẹgbẹ́ àwọn olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n fòfin de synthesizer.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn tó bá sọ pé synthesizer ni wọ́n fi ṣe orin Doctor Who. BBC ra synthesizer ńlá kan lọ́wọ́ EMS ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n sì ń pè é ní "Delaware" nítorí òpópónà tí sítúdíò wà. Ní 1972, wọ́n fi ẹ̀rọ yìí ṣe orin ìṣíde náà ní ọ̀tun. Àwọn tó ń ṣe ètò gbọ́ ọ, wọn kò sì fẹ́ ẹ, wọ́n padà sí téèpù Derbyshire. Ọdún 1980 ni synthesizer tó ráyè wọlé, nígbà tí Peter Howell fi àwọn ẹ̀rọ bíi Yamaha CS-80 àti ARP Odyssey ṣe tirẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá dàgbà lórí ti 1980 kò jayò pa tó bá ní synthesizer lòun gbọ́. Orin kan náà ni, ìyá tó bí i ló yàtọ̀.

Kí ló dé tí ohùn wọn fi ń mì?

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé synthesizer àtijọ́ "lọ́wọ́ọ́wọ́" létí. Kò sí idán níbẹ̀. Ooru ló ń da oscillator wọn láàmú. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Àwọn Minimoog àkọ́kọ́ burú tó bẹ́ẹ̀ tí olórin fi ní láti tan wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbóná dáadáa kó tó tún ohùn wọn ṣe, tí á sì tún un ṣe láàárín eré. Nígbà tí oscillator méjì bá jọ ń dún ohùn kan, tí ọ̀kan fi díẹ̀ kúrò lára èkejì, wọ́n á máa ta kora, ohùn náà á máa lọ á máa bọ̀. Àwọn ẹlẹ́rọ ka èyí sí àléébù, wọ́n sì ná ọ̀pọ̀ ọdún láti lé e lọ. Lónìí, àwọn tó ń ṣe synthesizer inú kọ̀ǹpútà ń fi bọ́tìnnì síbẹ̀ tó máa mú àléébù náà padà wá.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ àtijọ́ lówó gọbọi kì í rò. Ohùn tí wọ́n ń wá kò sí nínú ẹ̀rọ nìkan. Sípíkà kan ṣoṣo, kékeré, ni tẹlifíṣàn ìgbà náà ní, kò sì lè gbé ìró ìsàlẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló sì gba ètò sílẹ̀ sórí téèpù fídíò tí wọ́n wò títí ó fi ń há, tí ohùn sì ń mì. Ẹ gbé Minimoog tó pé lọ sí sítúdíò òde òní, yóò dún kedere ju bí ẹ ṣe rántí rẹ̀ lọ, ẹ ó sì rò pé wọ́n ta ayédèrú fún yín.

Ìgbà wo ni kọ̀ǹpútà wọ̀ ọ́?

Ó yọ́ wọ̀ ọ́ ni. Prophet-5 tó jáde ní 1978 ṣì ń fi iná ṣe ohùn, ṣùgbọ́n ó ní kọ̀ǹpútà kékeré tó ń rántí bí wọ́n ṣe to bọ́tìnnì, ó sì lè dún ohùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ní 1979, Fairlight dé láti Ọsirélíà. Èyí kò dá ohùn sílẹ̀ bíi Moog: ohùn tí ẹ bá gbà sínú rẹ̀, ajá, fèrè, ìgò tó fọ́, ni yóò máa fi kọrin. Yamaha DX7 tẹ̀ lé e ní 1983, ìṣirò lásán ló fi ń ṣe ohùn, kò sì ní asẹ́ irú ti Moog rárá.

Olórin Jan Hammer lo Fairlight púpọ̀ fún Miami Vice, ètò tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan. Òun nìkan ló ń ṣe orin ètò náà nínú sítúdíò tirẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1985, orin ìṣíde rẹ̀, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, di orin kìíní lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà. Gìtá oníná tí ọ̀pọ̀ rò pé àwọn ń gbọ́ níbẹ̀, kíbọ́ọ̀dù ló ń dún púpọ̀ nínú rẹ̀.

Kí ló ń fa ọkàn sí i?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni àsọtúnsọ. Robert Zajonc, onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn ẹ̀dá, fi hàn ní 1968 pé bí a bá ṣe ń rí nǹkan lemọ́lemọ́ ni a ó ṣe máa fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Orin ìṣíde ń dún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún púpọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn án. Àwo orin, ẹ̀yin lẹ máa fi sí i. Èyí ń wá bá yín nílé.

Ìkejì ni ọjọ́ orí. Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ti rí i pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láàárín nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ló máa ń rọ̀ mọ́ ọn lọ́kàn jù lọ, orin sì wà lára wọn.

Ìkẹta ló dá mi lójú jù. Nígbà tí Doctor Who bẹ̀rẹ̀, ìkànnì méjì péré ló wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC àti ITV. BBC2 dé ní 1964, Channel 4 ní 1982. Ohùn kan ń dún ní àìmọye ilé ní ìṣẹ́jú kan náà, kò sì sí bọ́tìnnì tí ẹ fi lè fò ó. Netflix fi bọ́tìnnì yẹn síta ní 2017. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣàárò rẹ̀, lójú tèmi, ni pé wọ́n mọ̀ pé ẹlòmíràn ń gbọ́ ohun tí àwọn ń gbọ́ ní àkókò yẹn gan-an. BBC tilẹ̀ pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré ìgbà náà rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù wọn lò. Eré lọ, orin ṣẹ́ kù.

Kí wá ni ti àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà?

Àwọn náà ń ṣàárò, mi ò sì rí ohun ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Boards of Canada láti Scotland mú orúkọ wọn lára iléeṣẹ́ ìjọba Canada tó ń ṣe fíìmù, nítorí àwọn fíìmù tí wọ́n wò lọ́mọdé, wọ́n sì ń mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ohùn wọn mì bíi téèpù tó ti gbó. Ẹni tó gbọ́ wọn ní ogún ọdún lẹ́yìn náà jogún àárò tí kì í ṣe tirẹ̀. Kyle Dixon àti Michael Stein ṣe irú iṣẹ́ yìí fún Stranger Things, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Emmy fún un ní 2017. Orin wọn kò jọ orin ìṣíde 1983 kan pàtó tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Púpọ̀ nínú orin ìṣíde tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ìgbà náà kún fún fèrè, gìtá àti ẹni tó ń kọrin. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe jọ ìrántí ìgbà náà.

Báwo ni etí ṣe lè dá wọn mọ̀?

Ẹ tẹ́tí sí bí ohùn ṣe ń parí. Nínú orin téèpù, ohùn sábà máa ń gé lójijì níbi tí abẹ ti kọjá, kò sì sí ohùn méjì tó jọra délẹ̀délẹ̀. Nínú synthesizer ìgbà Moog, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tó ń yọ́ lọ sí ìkejì, tó sì ń ṣí bó ṣe ń lọ. Ohùn DX7 le, ó mọ́, ó dún bí agogo tàbí gíláàsì, kì í sì í mì rárá.

Fairlight ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù, torí pé ohùn gidi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ dúró de ìgbà tí ohùn náà bá lọ sílẹ̀ gan-an: bí ó bá ń falẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀, tó sì ń yá kánkán bó ṣe ń gòkè, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbà sílẹ̀, ìyára rẹ̀ ni wọ́n ń yí. Ohun tí Derbyshire fi okùn kan ṣe nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ló wá ń bá wọn gé e, tó ń bá wọn lẹ̀ ẹ́.